Àṣekágbá Bọ́ọ̀lù Ń Bọ̀: Níbo Ni Kí Ọlọ́jà Èkó Gbé Ìpolówó Rẹ̀ Sí?

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, àṣekágbá ńlá méjì ló wáyé láàárín wákàtí díẹ̀ síra wọn. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ Èkó, Super Eagles àti ikọ̀ Ivory Coast kojú ara wọn ní Abidjan nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. William Troost-Ekong ló kọ́kọ́ fi orí kan bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún wa, kí Franck Kessié àti Sébastien Haller tó sọ ọ́ di 2-1. Nígbà tí aago méjìlá òru kọjá díẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ará Èkó ti fi ìbànújẹ́ lọ sùn, àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ àṣekágbá bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, ìyẹn Super Bowl, ní Las Vegas. Nǹkan bí mílíọ̀nù 7 dọ́là ni wọ́n ń gbà lórí ìpolówó ìṣẹ́jú àáyá 30 péré nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀hún, àwọn tó wò ó sì lé ní mílíọ̀nù 123. Ní ọdún 2025, nígbà tí Philadelphia Eagles lu Kansas City Chiefs ní 40-22, òǹwòran di mílíọ̀nù 127.7, owó ìpolówó ìṣẹ́jú àáyá 30 kan náà sì gùn dé mílíọ̀nù 8 dọ́là. Nígbà tí wọ́n gbá àkọ́kọ́ irú ìdíje yìí ní ọdún 1967, 37,500 dọ́là ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC ń gbà lórí irú ìpolówó bẹ́ẹ̀.

Irú ìròyìn báyìí máa ń dé etí àwọn oníṣòwò wa, á sì wá dà bíi pé ẹni tó bá ti rí ìpolówó rẹ̀ gbé sí inú àṣekágbá kan ti bọ́ sí ọ̀nà ọlà. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà, ẹni tó ní dẹ́pò tí wọ́n ti ń ta ohun mímu lọ́pọ̀ ní Súrùlérè, tàbí ẹni tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní Ladipo, iye ojú tó wo bọ́ọ̀lù kọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Ohun tó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: nínú àwọn tó wò ó, àwọn mélòó ló lè wá ra ọjà lọ́wọ́ mi, ṣé wọn á sì gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ? Ohun tí mo fi gbé ọ̀nà mẹ́rin tó wà nílẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nìyẹn, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n olówó oṣooṣù, tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́, rédíò, àti ilé ìwo-bọ́ọ̀lù àdúgbò. N ó mẹ́nu ba fóònù náà, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni iye tí ìpolówó náà ń náni lórí ẹgbẹ̀rún ènìyàn kan. Ẹ pín owó náà sí iye òǹwòran, kí ẹ sì fi ẹgbẹ̀rún sọ ọ́ di púpọ̀. Bí a bá ṣe èyí sí Super Bowl ọdún 2025, ó ń lọ sí nǹkan bí dọ́là 63 lórí ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ìṣirò yìí ló ń jẹ́ kí a lè fi ohun olówó gọbọi wé ohun olówó pọ́ọ́kú láìjẹ́ pé iye òdo tó wà nínú owó náà dẹ́rù bà wá.

Ìkejì ni bí wọ́n ṣe ka òǹwòran. Kí ẹ má ṣe fi ojú kéré èyí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fi iye tó tóbi tan ẹni tó fẹ́ sanwó. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé lu Croatia ní 4-2 ní Moscow lọ́dún 2018, FIFA kéde pé àwọn tó wo àṣekágbá náà lé ní bílíọ̀nù kan, ṣùgbọ́n FIFA kan náà sọ pé àwọn tó ń wò ó lọ́wọ́, tí a bá dá gbogbo ìṣẹ́jú rẹ̀ lé ara wọn tí a sì pín in dọ́gba, jẹ́ mílíọ̀nù 517. Irọ́ kò sí nínú iye méjèèjì. Ọ̀kan ka gbogbo ẹni tó yà síbẹ̀, kódà bí kò bá pẹ́ níbẹ̀. Èkejì ka àwọn tó wà níwájú ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ìpolówó yín kì yóò ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ, nítorí náà iye kejì ni tiyín. Bí ẹnikẹ́ni bá mú iye òǹwòran wá fún yín, ẹ bi í pé èwo ló kà nínú méjèèjì.

Ìkẹta ni ìdánilójú: ṣé ilé iṣẹ́ náà ní ẹ̀tọ́ láti gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà sáfẹ́fẹ́, ṣé iná yóò wà lọ́jọ́ náà, ṣé wọ́n á sì gbé ìpolówó náà jáde ní àkókò tí ẹ sanwó fún? Ìkẹrin ni ìbámu, ìyẹn ni pé ibi tí òǹwòran ń gbé kò gbọdọ̀ jìnnà sí ibi tí ọjà yín wà.

Owó kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà mọ́ ọn. Owó orí ọjà tí a mọ̀ sí VAT jẹ́ 7.5 lórí ọgọ́rùn-ún. Owó tí a fi ń ṣe ìpolówó náà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni owó àyẹ̀wò, nítorí pé àjọ ARCON, tí òfin ọdún 2022 gbé ìṣàkóso ìpolówó ọjà lé lọ́wọ́ ní Nàìjíríà, ní láti yẹ ìpolówó wò kí ó tó dé etí aráyé. Ẹni tó ń ta oúnjẹ tàbí oògùn tún ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ NAFDAC. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ àṣekágbá kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwé wọ̀nyí ti pẹ́ jù.

Tẹlifíṣọ̀n olówó oṣooṣù

Nígbà tí ará Èkó bá ní òun fẹ́ wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè, SuperSport lórí DStv tàbí GOtv ló sábà máa ń ní lọ́kàn. Àwòrán ibẹ̀ mọ́, ilé iṣẹ́ náà kì í sì ṣàdédé pa ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tì láàárín. Ṣùgbọ́n òun ló wọ́n jù, àwọn tó ń bá a dòwò pọ̀ sì ni àwọn tó ń tajà káàkiri orílẹ̀-èdè, bíi ilé ìfowópamọ́, ilé iṣẹ́ fóònù àti ilé iṣẹ́ ọtí.

Ohun kan wà nínú bọ́ọ̀lù tiwa tí kò jẹ́ kí ó rí bíi ti Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù tiwọn a máa dúró lọ́pọ̀ ìgbà, gbogbo ìgbà tó bá sì dúró ni wọ́n lè ki ìpolówó bọ̀ ọ́. Tiwa a máa lọ fún ìṣẹ́jú 45 láìdúró. Nítorí náà, ṣáájú eré, ìṣẹ́jú 15 ti ìsinmi àárín, àti lẹ́yìn eré nìkan ni àyè wà fún ìpolówó tó kún ojú ẹ̀rọ. Àárín yìí ni gbogbo olówó ń rọ́ wá, àwọn tí ìpolówó wọn bá sì bọ́ sí àárín gbùngbùn ìlà gígùn bẹ́ẹ̀ kò ní ẹni tó ń wò wọ́n mọ́. Bí ẹ bá máa rà á rárá, ẹ ra ipò àkọ́kọ́ nínú ìsinmi náà, kódà bí wọ́n bá fi owó lé e. Ẹ má ṣe ra èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn eré, nítorí kò sí ẹni tó mọ bí eré yóò ṣe rí. Nígbà tí Paris Saint-Germain lu Inter ní 5-0 ní Munich nínú àṣekágbá Champions League ọdún 2025, ẹni tí kì í ṣe alátìlẹ́yìn Paris kò ní ohun kan tó ń dúró dè mọ́ kí eré náà tó parí.

Ní Amẹ́ríkà, orin tí wọ́n ń kọ nínú ìsinmi àárín ń mú kí ènìyàn jókòó pa. Ní ọdún 2025, mílíọ̀nù 133.5 ló wo Kendrick Lamar, èyí tó ju àròpín àwọn tó wo eré náà fúnra rẹ̀ lọ. Níhìn-ín, àkókò yẹn gan-an ni gbogbo ènìyàn ń dìde.

Lórí ìdánilójú, ẹ rántí pé ẹ̀tọ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ kì í dúró sí ojú kan. HiTV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n olówó oṣooṣù kan nígbà náà, ló ni bọ́ọ̀lù líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà láti ọdún 2007, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 2010, àwọn òǹwòran sì bá ẹ̀tọ́ náà lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024 pẹ̀lú, MultiChoice, ilé iṣẹ́ tó ni DStv, kọ́kọ́ kéde pé SuperSport kò ní gbé Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà sáfẹ́fẹ́, kí ọ̀rọ̀ náà tó yí padà nígbà tí ìdíje ku ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó ti fọwọ́ sí àdéhùn ìpolówó síbòmíràn láàárín ìkéde méjèèjì yóò mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn: bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kò bá jáde lórí ìkànnì yín, owó yóò padà.

Tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́

NTA, Lagos Television àti àwọn yòókù tí a kì í san owó oṣooṣù fún máa ń gba owó tí kò tó ti èkíní, wọ́n sì máa ń gbà kí ènìyàn bá wọn dúnàá dúrà. Agbára wọn hàn nígbà tí Super Eagles bá wà nínú eré, nítorí ìgbà yẹn ni ìyá àgbà tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ Champions League pàápàá yóò ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ. Bí eré bá jẹ́ ti ilẹ̀ òkèèrè tí ìkànnì ọ̀fẹ́ kò sì ní ẹ̀tọ́ sí i, ètò àsọyé ṣáájú tàbí lẹ́yìn eré nìkan ni wọ́n lè tà fún yín, èyí kò sì tó owó àṣekágbá. Ẹ béèrè kedere bóyá eré fúnra rẹ̀ ni, tàbí ọ̀rọ̀ nípa eré. Àwọn alágbàtà kan kì í ya méjèèjì sọ́tọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ iye owó.

Ibikíbi tí ẹ bá rà á sí, ẹ béèrè fún ìwé ẹ̀rí tó fi ọjọ́ àti aago tí ìpolówó náà jáde hàn. Ẹ má ṣe san gbogbo owó tán kí ìwé náà tó dé ọwọ́ yín.

Rédíò

Mo fẹ́ràn rédíò fún ọlọ́jà Èkó ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ni wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù rántí mọ́. Ẹni tí iná kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ ní bátìrì. Awakọ̀ dáńfó tó ń lọ láti Oyíngbò sí Ọbáléńdé kò lè wo ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ọlọ́dẹ ẹnu géètì náà kò lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin tó ń ta aṣọ ní Balógun kò sì lè gbé ojú kúrò lára ọjà, síbẹ̀ gbogbo wọn ló ní etí. Brila FM ń sọ̀rọ̀ eré ìdárayá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Bond FM àti Radio Lagos ń bá àwọn tó gbọ́ Yorùbá sọ̀rọ̀ ní èdè wọn. Ilé iṣẹ́ tó bá ní ẹ̀tọ́ láti ròyìn eré náà lórí afẹ́fẹ́ tún lè dárúkọ ọjà yín nígbà tí bọ́ọ̀lù bá jáde tàbí tí agbábọ́ọ̀lù bá ṣubú, láìdúró de ìsinmi àárín, èyí tí tẹlifíṣọ̀n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àìpé rẹ̀ ni pé ẹni tó bá rí ẹ̀rọ wò kò ní gbọ́ rédíò ní ìgbà tí eré ń lọ. Fún ìdí èyí, àárọ̀ ọjọ́ àṣekágbá ni mo máa ń dámọ̀ràn, nígbà tí àwọn olùgbọ́ ń pè wọlé láti jiyàn nípa ẹni tí yóò borí, àti àárọ̀ ọjọ́ kejì nígbà tí àríyànjiyàn náà tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo aago eré náà pẹ̀lú. UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù, ṣètò àṣekágbá Champions League ọdún 2026 ní Budapest sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀, tó jẹ́ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Sátidé ní Èkó, dípò aago mẹ́jọ alẹ́ tó ti mọ́ wa lára. Ní aago márùn-ún Sátidé, Balógun ṣì kún fún èrò, ọlọ́jà ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tí rédíò yóò bá lẹ́nu iṣẹ́ sì pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ilé ìwo-bọ́ọ̀lù

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, owó DStv Premium kúrò ní 37,000 náírà, ó di 44,500 náírà lóṣù. Ọ̀pọ̀ ẹbí ni kò lè ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi owó kékeré wọlé sí ilé ìwo-bọ́ọ̀lù, yálà ní Mushin, ní Ajégúnlẹ̀, ní Mákòókò, tàbí nínú àwọn òpópónà tóóró tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Díkódà kan ṣoṣo lè máa dá ọgọ́rùn-ún ènìyàn lóhùn níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2020 ni ilé iṣẹ́ Nielsen ti ń ka àwọn tó ń wo eré níta ilé mọ́ òǹwòran, ní ọdún 2025 ni wọ́n sì mú un gbòòrò kárí gbogbo ìpínlẹ̀ wọn àyàfi Alaska àti Hawaii. Iye díkódà tó ń sanwó ní Èkó kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni iye ojú tó wà níwájú ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà tí adájọ́ eré bá fọn fèrè ìsinmi. Kí àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù tó kúrò lójú ẹ̀rọ, onílé ti pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, ó ti tan fújì sí i. Ìdajì àwọn tó jókòó ti jáde lọ ra omi inú ọ̀rá àti gálà. Àwọn tó kù ti kọjú síra wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ júwe bí ó ṣe yẹ kí agbábọ́ọ̀lù iwájú gbá bọ́ọ̀lù tó sọnù. Lẹ́yìn orí wọn, ìpolówó tí ilé iṣẹ́ kan fi owó ńlá rà ń lọ láìsí ohùn. Mo ń sọ èyí fún ẹni tó rò pé òun ti bá gbogbo òǹwòran sọ̀rọ̀ nítorí pé ó ra ìsinmi àárín. Ṣùgbọ́n báńà tó bá wà lára ògiri, ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, wà lójú wọn fún wákàtí méjì gbáko. Bẹ́ẹ̀ náà ni pátákó dúdú tó wà lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń fi ẹfun kọ orúkọ ikọ̀ méjèèjì àti aago eré sí láti àárọ̀. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń kà á. Ẹni tó bá bá onílé tún pátákó yẹn kùn, tí ó sì kọ orúkọ ọjà rẹ̀ sí òkè rẹ̀, ti ra ohun tí tẹlifíṣọ̀n kò lè tà fún un.

Ẹ jẹ́ kí a fi owó wọ̀n ọ́n. Àpẹẹrẹ lásán ni iye tí mo fẹ́ lò yìí, kì í ṣe iye tí ilé iṣẹ́ kankan ń gbà. Ká ní mílíọ̀nù 2 náírà ni ẹ fi ra ìpolówó kan lórí tẹlifíṣọ̀n, tí 400,000 ènìyàn sì wò ó: náírà 5 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ká ní 300,000 náírà ni ẹ ná sí ilé ìwo-bọ́ọ̀lù mẹ́wàá, tí 150 ènìyàn wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: 200 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lójú ẹsẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ló pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n bí dẹ́pò yín bá wà ní Súrùlérè, tó sì jẹ́ pé ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún òǹwòran náà ló ń gbé níbi tó ti lè wá rà á, ènìyàn 4,000 ni ẹ bá sọ̀rọ̀, ó sì di 500 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn 1,500 ti ilé ìwo-bọ́ọ̀lù kò jìnnà sí yín rárá, wọ́n sì lè tọ́ ọjà náà wò lójú ẹsẹ̀ bí ẹ bá gbé e wá.

Kí ẹ tó fún onílé lówó, ẹ lọ wo ibẹ̀ ní ọjọ́ eré líìgì kan. Ẹ wò ó bóyá jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń dá ṣiṣẹ́ tàbí ó ń yá ti ẹlòmíràn, nítorí ilé tí iná bá kú ní ìṣẹ́jú 70 yóò sọ àwọn òǹwòran rẹ̀ di abínú, orúkọ yín yóò sì wà lára ògiri tí wọ́n ń bínú sí. Ẹ jẹ́ kí ó gbà fún ẹni yín láti fi máíkì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méjì nínú ìsinmi náà. Bí báńà bá máa dúró síta lójú títì, ẹ kọ́kọ́ bi àjọ LASAA, tó ń ṣàkóso pátákó ìpolówó ní ìpínlẹ̀ Èkó, léèrè ìwé tí ẹ nílò. Ẹ má sì ṣe tẹ àmì ìdíje náà tàbí àwòrán agbábọ́ọ̀lù sára báńà yín; àwọn onígbọ̀wọ́ ló san owó ẹ̀tọ́ yẹn, ẹjọ́ rẹ̀ sì lè gbówó lọ́wọ́ ẹni ju ìpolówó fúnra rẹ̀ lọ. Orúkọ ọjà yín àti ọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀lù ti tó.

Ti fóònù, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni mo ní. Facebook àti Instagram ń jẹ́ kí ẹ yan àdúgbò tí ìpolówó yóò dé, owó kékeré sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó dára fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú eré. Nígbà tí eré bá ń lọ, ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn lórí bọ́ọ̀lù náà á bo tiyín mọ́lẹ̀.

Ta ni kí ó mú èwo?

Ilé iṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ wà ní gbogbo ìpínlẹ̀, tí ẹni tó wà ní Kano àti ẹni tó wà ní Yábà lè rí i rà lọ́jọ́ kan náà, ni kí ó lọ sí tẹlifíṣọ̀n olówó oṣooṣù, kí ó sì fi rédíò kún un. Bí owó rẹ̀ kò bá ká ipò àkọ́kọ́ nínú ìsinmi àárín, kí ó fi àṣekágbá sílẹ̀, kí ó ra eré ìpele tó ṣáájú, níbi tí èrò kò ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń ta ọjà ní gbogbo Èkó, bíi oníbúrẹ́dì tó ní ọkọ̀ tirẹ̀ tàbí ẹni tó ń ta oògùn lọ́pọ̀ ní Ìdúmọ̀tà, rédíò ni kí ó gbé e lé. Bí Super Eagles bá wọ àṣekágbá, kí ó fi tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ kún un. Bí wọn kò bá wọ ọ́, kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó bá ilé iṣẹ́ náà ṣe àdéhùn tó sọ pé ìgbà tí Nàìjíríà bá yege ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá ni owó yóò tó yọ. Wọ́n lè kọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń gbà á.

Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kan tàbí méjì, olóúnjẹ, oníbàtà, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkejà, kò ní ohun tó ń wá lórí tẹlifíṣọ̀n ọjọ́ àṣekágbá. Kí ó yan ilé ìwo-bọ́ọ̀lù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ó bá àwọn onílé sọ̀rọ̀ ní oṣù kan ṣáájú, nígbà tí ẹlòmíràn kò tíì ronú kàn án, kí ó sì tẹ ìwé péléńbé tó ní àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, èyí tí ẹni tó bá mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀ kan yóò fi rí ẹ̀dínwó gbà. Iye ìwé tó bá padà dé ọwọ́ rẹ̀ láti ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò sọ èyí tí yóò tún sanwó fún nígbà ìdíje mìíràn.